Ẹyọ Kan Lójú, Mẹ́ta Lókè

Bí ẹ bá jáde nínú ìsìn àìsùn ní àárín oṣù kẹta ọdún, tí aago ń lọ sí mẹ́rin ìdájí, ẹ má tíì sáré wọ ọkọ̀. Ẹ kọjú sí gúúsù, kí ẹ gbé ojú sókè díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná mànàmáná lọ ládùúgbò gan-an ló dára jù fún ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí. Bí ìkùukùu kò bá sí, tí eruku ọyẹ́ sì ti rọlẹ̀, ẹ óò rí ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe bí àgbélébùú tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lápá òsì àgbélébùú náà, ìràwọ̀ méjì mìíràn wà tí wọ́n ń tàn yòò, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì, tó sì mọ́lẹ̀ jù, lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lóṣù yìí. Alpha Centauri ni àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ń pè é.

Ẹni tí kò bá lè jí ní ìdájí, kó dúró di oṣù kẹfà. Ní àárín oṣù náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ibi kan náà ni yóò wà, bí òjò bá gbà. Kò ga púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kan sí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé, kí ẹ to ẹ̀ṣẹ́ kejì lé e lórí. Òkè ẹ̀ṣẹ́ kejì yẹn díẹ̀ ni yóò wà nígbà tó bá ga jù lọ nílẹ̀ Yorùbá.

Lẹ́yìn oòrùn wa, kò sí ìràwọ̀ tí ojú lè rí tó sún mọ́ ayé tó o. Nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, méjì péré ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ, Sirius àti Canopus. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa fi í sí ojú ewé ìwé ìròyìn yìí ni pé kì í ṣe ìràwọ̀ kan. Mẹ́ta ni. Méjì ń yí ara wọn ká, wọ́n sún mọ́ra débi pé ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta jìnnà sí wọn, ó kéré, ó pọ́n, kò sì sí ojú tó lè rí i láìlo awò awọ̀nàjíjìn. Èyí tí a kò lè rí yìí ló sì wá sún mọ́ wa jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin tó wà nílé mọ rírì rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní London kì í rí ìràwọ̀ yìí rárá. Bí ayé ṣe rí roboto ló bò ó mọ́ wọn lójú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó wà ní New York àti Chicago. Ní Havana ní ilẹ̀ Cuba, ó máa ń yọ díẹ̀ létí ọ̀run, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé orí òkun ló ń gbà rìn. Ṣùgbọ́n ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, ó ga ju ti wa níhìn-ín lọ fíìfíì. Ẹ̀yin tó ń sọ pé òkè òkun ló ní gbogbo nǹkan tó dára, ẹ fi èyí sí iyè.

Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan nípa àgùàlà. Ó máa ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá oṣù ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni, nítorí ohun tí àwọn onímọ̀ wá fi ẹ̀rọ rí lẹ́yìn náà bá a mu. Àgùàlà kì í tilẹ̀ í ṣe ìràwọ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, oòrùn ló ń yí ká bí ayé wa, àti pé nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 100 jìnnà sí wa ju òṣùpá lọ. Ojú wa ló tò wọ́n pọ̀.

Irú rẹ̀ gan-an ló wà láàárín Alpha Centauri àti ìkejì rẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Hadar ni orúkọ ìyẹn. Bí ẹ bá wò wọ́n, ẹ óò sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni. Wọ́n jọ ń yọ, wọ́n jọ ń wọ̀, àwọn ènìyàn sì ń lo àwọn méjèèjì pọ̀ láti fi mọ ibi tí àgbélébùú ojú ọ̀run náà wà. Síbẹ̀ wọn kò bára wọn tan rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú oòrùn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Alpha Centauri, ọdún mẹ́rin àti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni. Ọmọ tó ń lọ sí jẹ́léósinmi lónìí, inú oyún ló wà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ óò rí lóru òní gbéra. Ti Hadar wá ńkọ́? Nǹkan bí 390 ọdún! Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ ojú wa báyìí ti wà lọ́nà fún ohun tó lé ní 150 ọdún kí wọ́n tó bí Àjàyí Crowther. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 90 jìnnà ju èyí tí ojú wa pè ní èkejì rẹ̀ lọ. Agbára tó pọ̀ lára rẹ̀ ló jẹ́ kó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀. Ká ní ibi tí Alpha Centauri wà lòun náà wà ni, a ì bá máa rí òjìji ara wa nílẹ̀ lóru nípa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, èyí tó dúró tì í kì í ṣe ẹni rẹ̀. Níbo wá ni àwọn ẹni rẹ̀ gan-an wà?

Àwọn méjì tó ń jó yípo

Ọ̀kan wà lára rẹ̀ gan-an. Ẹni tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó kọ́kọ́ rí i ni Jean Richaud, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1689, ó wà ní Pondicherry ní ilẹ̀ Íńdíà, ìràwọ̀ onírù kan ló sì ń tọ ipa rẹ̀ nínú awò awọ̀nàjíjìn. Ìràwọ̀ onírù yẹn ló mú un dé ọ̀dọ̀ Alpha Centauri, ó bá rí i pé méjì ni. Lónìí, awò kékeré tí ilé ẹ̀kọ́ girama lè rà tó láti fi wọ́n hàn.

Àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó tóbi ní A, wọ́n ń pe ìkejì ní B. Wọ́n ní orúkọ tó dùn ún pè ju ìyẹn lọ, Rigil Kentaurus àti Toliman, tó ti inú èdè Lárúbáwá wá. A fi díẹ̀ tóbi ju oòrùn wa lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó ti oòrùn lọ́nà kan ààbọ̀. B kéré sí oòrùn díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti oòrùn. Kì í ṣe pé ọ̀kan dúró kí ìkejì máa yí i ká. Àwọn méjèèjì ń yí ara wọn ká ni, bí ọmọdé méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n ń jó yípo nínú òṣùpá. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ni agbára òòfà, èyí náà tó ń fa òkò padà sílẹ̀ bí a bá jù ú sókè.

Ojú ọ̀nà wọn kò rí roboto, ó gùn bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, àlàfo àárín wọn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 11 ti àárín ayé àti oòrùn. Nígbà tí wọ́n bá jìnnà síra jù, ó ń tó ìlọ́po 36. Nǹkan bí 80 ọdún ni ìyípo kan ń gbà wọ́n, àti pé ẹ̀yin tó mọ Sáàmù 90 yóò ti rántí iye ọdún tó wà níbẹ̀.

Ọdún 80 yìí ló fà wá mọ́ra jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Wọ́n sún mọ́ra jù lọ ní 1955. Wọ́n jìnnà síra jù lọ ní 1995. Ní 2035 wọn yóò tún sún mọ́ra. Ẹ wo àwọn ìyá àti baba wa tí a bí ní 1955, àwọn tó jókòó sí iwájú nínú ìjọ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá rí 2035, ìyípo kan ṣoṣo ni àwọn ìràwọ̀ náà bá wọn ṣe láti ọjọ́ ìkómọ. Àwa tó ń kọ ìwé yìí dé ayé nígbà tí wọ́n ti ń jìnnà síra, a sì ń dàgbà lọ bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀. Ọmọ tí a bá kó jáde lọ́sẹ̀ yìí yóò ti tó ẹni tó ń ka ìwé dáadáa ní 2035.

Àtàǹpàkò Henderson

Báwo ni ènìyàn ṣe mọ ibi tí ìràwọ̀ jìnnà dé, nígbà tí kò sẹ́ni tó na okùn lọ síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé ṣe èyí pọ̀. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, ẹ di ojú òsì, kí ẹ fi ojú ọ̀tún wò ó lára ògiri. Ẹ wá di ojú ọ̀tún, kí ẹ fi tòsì wò ó. Àtàǹpàkò á fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn lára ògiri. Bí ẹ bá fà á súnmọ́ imú, fífò rẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá nà án jìnnà, á dínkù. Ohun tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ ṣe nìyẹn, àfi pé ojú méjì kò tó fún un. Wọ́n á wo ìràwọ̀ nígbà tí ayé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan oòrùn, wọ́n á dúró fún oṣù mẹ́fà títí ayé yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á sì tún un wò. Bí ìràwọ̀ bá fò, bó ti wù kó kéré tó, ìṣirò á sọ bó ṣe jìnnà tó.

Thomas Henderson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló ṣe èyí fún Alpha Centauri. Ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá, ọ́fíìsì lọ́ọ́yà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ní 1832 wọ́n rán an lọ sí Cape of Good Hope ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà láti máa wo ìràwọ̀. Kò gbádùn ibẹ̀ rárá, ó lé díẹ̀ lọ́dún kan péré kó tó padà sílé. Nínú ìwọ̀n tó kó bọ̀, ó rí i pé Alpha Centauri fò.

Títí di ìgbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó tíì lè sọ bí ìràwọ̀ kan ṣe jìnnà tó pẹ̀lú ẹ̀rí tó dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti kéde ṣáájú rẹ̀ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n já sí òfo. Henderson bá fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ń tún ìṣirò náà ṣe, ó ń wá ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ṣe láti fi kún un. Oṣù kìíní ọdún 1839 ló tó gbé e jáde. Friedrich Bessel ní ilẹ̀ Jámánì ti gbé ti ìràwọ̀ mìíràn jáde ní 1838, oṣù díẹ̀ péré ló fi ṣáájú. Bessel ni ìtàn fi adé ẹni àkọ́kọ́ dé.

Àwọn kan máa ń fi Henderson ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó lọ́ra. A kò gbà. Ẹni tó ní ìròyìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa irọ́ rẹ̀ ṣáájú, ó tọ́ kó tún un yẹ̀ wò kó tó lanu. Ká ní gbogbo ẹni tó ń rí ìran lónìí ń dúró bẹ́ẹ̀ ni, ìtìjú tí ó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé ì bá dínkù.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìrìn ọdún mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ jẹ́ fún ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, ẹ wo Voyager 1 tí àwọn ará Amẹ́ríkà jù sókè ní 1977. Ó ń sáré tó kìlómítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkó sí Ìbàdàn kò ní gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò sì sí gọ́sìlóò lọ́nà tirẹ̀. Bó bá kọjú sí Alpha Centauri, tí kò sì kọjú sí i, yóò gbà á ní nǹkan bí 75,000 ọdún kó tó débẹ̀.

Ẹ̀kẹta

Robert Innes lorúkọ ẹni tó rí ẹ̀kẹta. Edinburgh ni wọ́n ti bí i. Ó kúrò nílé ìwé nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, kò lọ sí yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ìràwọ̀. Ọtí wáìnì ló ń tà ní Sydney ní ilẹ̀ Australia kó tó fi ìràwọ̀ ṣe iṣẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò mi orí sí ìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ni a ṣe sọ ọ́. Nígbà tó fi di 1915, òun ni ọ̀gá ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ ní Johannesburg ní South Africa.

Ó ní fọ́tò méjì tí wọ́n yà ní apá ọ̀run kan náà, ọ̀kan ní 1910, ìkejì ní 1915. Ó tò wọ́n sínú ẹ̀rọ kan tó máa ń fi ọ̀kan han ojú, kó tún fi ìkejì hàn, kíákíá kíákíá, bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ tí kò yẹsẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún á dúró sójú kan. Èyí tó bá ti yẹsẹ̀ á máa fò síwá fò sẹ́yìn. Láàárín àìmọye ẹ̀kán kéékèèké tó kún orí fọ́tò náà, ọ̀kan tí kò mọ́lẹ̀ rárá ń fò.

Gbogbo ìràwọ̀ ló ń rìn lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìrìn wọn lọ́ra kọjá ohun tí ojú lè mọ̀. Alpha Centauri wà lára àwọn tó yára, síbẹ̀ ó máa gbà á ní nǹkan bí 500 ọdún kó tó rìn ìwọ̀n fífẹ̀ òṣùpá kan. Ohun tí Innes ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀kán kékeré yìí ń lọ sí ibi tí Alpha Centauri ń lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń yára. Bẹ́ẹ̀, àlàfo àárín wọn lójú ọ̀run fẹ̀ ju òṣùpá mẹ́rin tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọ̀run kó sọ pé àwọn wọ̀nyí ní nǹkan í ṣe pọ̀. Ìrìn wọn ló tú àṣírí. Ní 1917 Innes dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní Proxima, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí èyí tó sún mọ́ jù, nítorí ìwọ̀n ti fi hàn pé ó sún mọ́ wa ju àwọn méjì yòókù lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ọdún mẹ́rin àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó sún mọ́ jù, òun náà ni a kò rí. Ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti oòrùn lọ. Ó pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Àfi kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 100 bó ti wà yìí kí ojú lásán tó lè rí i fírífírí.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹbí ni lóòótọ́? Ẹni méjì lè jọ gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé wọ́n mọra. Proxima jìnnà sí A àti B tó nǹkan bí ìlọ́po 13,000 ti àárín ayé àti oòrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí rẹ̀, bóyá ara ilé ni tàbí àlejò tó ń kọjá lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti yanjú rẹ̀ ju kí wọ́n wọn eré rẹ̀ dáadáa lọ. Bó bá ń sáré jù, òòfà àwọn méjì yòókù kò ní lè dá a dúró, á lọ ni. Bí eré rẹ̀ bá rọ̀, ó ti di tiwọn.

Ní òpin ọdún 2016, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Pierre Kervella, Frédéric Thévenin àti Christophe Lovis, gbé àbájáde jáde. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kan lórí òkè La Silla ní ilẹ̀ Chile ṣe ni wọ́n lò. Wọ́n rí i pé bí a bá fi eré Proxima wé ti àwọn méjì yòókù, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó 300 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ó ní láti ju 500 lọ kó tó lè já kúrò lọ́wọ́ wọn. Ara ilé ni. Ìyípo kan fún un jẹ́ nǹkan bí 550,000 ọdún. A mọ̀ pé iye yìí lè da àwọn kan nínú yín láàmú. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni a ń kà, ìrìn ni; ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, tó sì mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, á lè sọ iye wákàtí tí yóò gbà kó tiẹ̀ tó gbéra.

Bó ti jẹ́ pé mẹ́ta ni wọ́n, tí wọ́n sì dà bí ẹyọ kan lójú, a bẹ àwọn oníwàásù ẹlẹgbẹ́ wa kí wọ́n má fi wọ́n ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, ọ̀kan kò sì ju ẹyin iná lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ìràwọ̀ kan tún wà tó ń jẹ́ Castor, mẹ́fà ni òun. Kí ni a ó wá fi ìyẹn ṣàlàyé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo ju ti oníwàásù lọ. Nínú àwọn ìdílé wa, àwọn kan ti san owó nítorí wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ti so ìràwọ̀ ọmọ wọn mọ́lẹ̀, tàbí pé wọ́n fi ìkòkò bò ó. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì á ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a tú ìràwọ̀ sílẹ̀. A mọ̀ pé àfiwé ni ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n ń sọ nípa ọ̀nà ẹni láyé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba owó kì í sọ ọ́ bí àfiwé. Wọ́n á ní àwọn rí ìràwọ̀ náà gan-an àti okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Proxima tó sún mọ́ wa jù lọ yìí, 40 tírílíọ̀nù kìlómítà ló wà sí ọ̀dọ̀ wa. Okùn ta ló gùn débẹ̀? Wọ́n á tún tọ́ka sí àwọn amòye ìlà oòrùn tó rí ìràwọ̀ Jésù. Ẹ̀bùn ni àwọn amòye gbé wá, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Màríà. Ọmọ tó kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, bóyá kò rí ohun tí tíṣà ń kọ sára pátákó.

Àwọn ọmọ yóò bi yín bóyá ènìyàn wà lọ́hùn-ún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí Proxima ká. Ó tó ayé wa ní ìwọ̀n, ó kéré tán, ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 11 péré. Ibi tó wà sí iná rẹ̀ kò gbóná jù, kò sì tutù jù. Ohun tó ṣòro ni pé Proxima kì í farabalẹ̀. Ó máa ń bú jáde lójijì pẹ̀lú ìtànṣán tó léwu, bí ààrò tí epo ta sí. Ní 2025, àwọn tó ń lo awò awọ̀nàjíjìn James Webb tó wà lójú òfuurufú sọ pé àwọn rí ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ A tó lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì ńlá. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé àfi kí wọ́n tún un rí kó tó dájú. Ẹ ti mọ ohun tí a rò nípa irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá jáde láti wò ó, pẹ̀lú àwọn ọmọ tàbí ẹ̀yin nìkan, tí Alpha Centauri sì wà ní gúúsù gan-an, ẹ na apá yín síwájú. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e sí abẹ́ ìràwọ̀ náà, kí ẹ yà díẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ibi tí ìka yín bò yẹn, tó ṣókùnkùn, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lójú yín, ibẹ̀ ni Proxima wà.